Ẹrù Tó Kàn Mí Láti Gbé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa káàánú nínú ìtàn yìí, ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi. Eliseo ni kẹ́ ẹ káàánú, ẹni tí ìyá rẹ̀ lé kúrò nílé nítorí irọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pa níwájú gbogbo abúlé. Èmi kàn ń sọ ọ́ kí ẹ lè dá irú wa mọ̀ nígbà tá a bá tún dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́.

Orúkọ mi ni Yasna Riffo. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ìlú Concepción, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Ìbínú ni mo ń ṣe níṣẹ́. Mo ń bínú sí àwọn tó ń gé igbó, mo ń bínú sí àwọn tó ń ta omi, mo ń bínú sí àwọn aṣòfin. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àwọn èèyàn sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwa mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, a pè é ní Ẹ Jẹ́ Kí Pillanco Ṣàn. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ dí odò Pillanco láti fi ṣe iná mànàmáná. Bí wọ́n bá dí i, omi máa bo abúlé Trapahue, ilé wọn, pápá ewúrẹ́ wọn àti itẹ́ òkú wọn. Òótọ́ lèyí. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní: ìjà náà tọ́. Àwa tá a ń jà á ni a ò dára.

Baltazar ni ọ̀gá wa. Bàbá rẹ̀ ló ra ọkọ̀ rọ́bà tá à ń gùn fún un. Ó máa ń rìn láìwọ bàtà láàárín ìlú kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé òun fẹ́ràn ilẹ̀. Ignacia ló ń ya fídíò. Mi ò rí i rí kó fi oúnjẹ sẹ́nu láì kọ́kọ́ yà á. Renato ní tiẹ̀ máa ń sọ pé òun fara mọ́ ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn bá sọ. Renato ló ni ajá dúdú kan tó ń jẹ́ Tizón.

Ètò wa ni pé a máa gba orí odò náà wá láti òkè, a máa sùn sí etí omi fún ọjọ́ mélòó kan, a máa la gbogbo ibi tí omi ti ń hó láàárín àpáta kọjá, títí a ó fi dé Trapahue kí àwọn ará abúlé tó ṣe ìpàdé wọn. Níbi ìpàdé náà ni wọ́n ti máa pinnu bóyá wọ́n máa gbà kí ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà gba orí ilẹ̀ wọn kọjá. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti mọ̀ pé Tizón ní àṣà kan. Ìgbì kan gbá fìlà Baltazar dà nù. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, ajá náà ti bẹ́ sínú omi. Ó bá ìṣàn náà lọ, ó tẹnu bọ omi, ó sì gbé fìlà náà padà wá. Èmi ni mo jókòó síwájú, àmọ́ kò fún mi. Ó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ Ignacia kọjá, ó lọ gbé e lé ẹsẹ̀ Baltazar, ó sì jókòó tì í, ó ń wò ó lójú.

"Kí ló ń wá?" Baltazar bi Renato.

"Èèpo búrẹ́dì ni. Bó bá ti bá ẹ gbé ẹrù rẹ wá, o gbọ́dọ̀ fún un ní èèpo búrẹ́dì. Ó máa ń gbóòórùn ẹni tó ni ẹrù. Kò ṣì í gbé rí."

"Tí mi ò bá fún un ńkọ́?"

"Á jókòó síbẹ̀ títí o fi máa kú."

A rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bí àjẹ̀ bá bọ́, bí bàtà bá bọ́, a kì í tilẹ̀ yí orí padà mọ́. Tizón á gbé e wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ọkọ̀ rọ́bà rìn lórí odò fún ọjọ́ púpọ̀ mọ òfin kan: ohunkóhun tó o bá gbé wọ àfonífojì, ìwọ ni wàá gbé e jáde. Títí kan ìgbẹ́ rẹ.

Àpótí irin la fi ń ṣe é. Àpò nípọnnípọn kan máa ń wà nínú rẹ̀, a máa ń jókòó lé e láàárọ̀, a máa ń dé e, a máa ń so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. A sọ àpótí náà ní Mínísítà. Eré tiwa nìyẹn. "Ta ló fẹ́ rí Mínísítà?" "Mínísítà ti yó o!" Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan máa ń gbé e, bó bá kàn ẹ́, ó kàn ẹ́ nìyẹn. Èmi amòfin ni mo kọ òfin náà sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ dáadáa.

Ẹ gbọ́ èyí ná kẹ́ ẹ tó gbọ́ èyí tó kù. Ní ọjọ́ kejì, a bá bàbá arúgbó kan tó ń pẹja létí odò. Agolo sàdínì tó ti jẹ tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì bá a wí.

"Bàbá, odò yìí ni ìyá wa. Ṣé ẹ lè ju agolo sí ìyá yín lára?"

Bàbá náà wo agolo, ó wò mí. "Mi ò tíì jù ú síbì kankan, ọmọ mi. Inú rẹ̀ ni mò ń kó kòkòrò ìdẹ mi sí."

Ignacia yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú fídíò náà. Ó fi tèmi sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ibi tí àwọn atukọ̀ ń pè ní Trilladora. Gbogbo odò náà máa ń ya wọ àárín àpáta méjì níbẹ̀, á wá máa lọ nǹkan bí ẹ̀rọ tó ń pa ọkà. Kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀. Ńṣe lo máa sọ̀ kalẹ̀, wàá tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọkọ̀, wàá gbé e àti gbogbo ẹrù gun èjìká òkè, wàá sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Oòrùn mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà. Èmi sì ni Mínísítà kàn.

"Baltazar, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e. Ó ti kún."

"Ìwọ ló kàn."

"Mo mọ̀ pé èmi ló kàn. Mò ń sọ pé ó wúwo ni."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ òfin náà?" Ó gbé àjẹ̀ méjì lé èjìká, àjẹ̀ tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó ń lọ. "Gbé Mínísítà rẹ, arábìnrin. Ìjọba wúwo."

Renato rẹ́rìn-ín. Ó fara mọ́ ọn.

Wọ́n fi mí sẹ́yìn. Bí mo ṣe ń gun òkè náà ni ohun tó wà nínú àpótí ń mì, tó ń dún. Òórùn rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí jáde. Irin rẹ̀ ń gún mi lẹ́yìn. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, eṣinṣin á bò mí. Bí mo bá tún un gbé, èébì á dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Èmi, tí mo ti sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí igi tí wọ́n fẹ́ gé! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lókè pátápátá, mo rí omi kan tó ń sun láàárín àpáta, lábẹ́ igi coihue ńlá kan tó ti ṣubú. Ẹnì kan ti to òkúta yí i ká. Ó mọ́, ó tutù, koríko tútù bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fọ ojú mi. Mo jókòó.

Ìgbà náà ni èrò náà wá. Kò wá bí èrò burúkú rárá. Ńṣe ló wá bí ọgbọ́n. *Fi sílẹ̀ níbí. Omi tútù ò ní jẹ́ kó rùn. Tá a bá parí ìrìn àjò, wàá padà wá gbé e.* Mo mọ̀ pé mi ò ní padà. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti ṣe àpò aláwọ̀ ọsàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí omi kì í wọ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, Ignacia sì ti fi gègé dúdú kọ orúkọ oníkálukú sí i. Mo kó aṣọ mi jáde nínú tèmi, mo fi jákẹ́ẹ̀tì dì í. Mo fa àpò ìgbẹ́ náà yọ láti inú àpótí, mo kì í bọ inú àpò aláwọ̀ ọsàn náà, mo ká ẹnu rẹ̀, mo tì í sábẹ́ igi náà nínú omi, mo sì fi òkúta ńlá kan tó mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Tizón dúró níbẹ̀. Ó ń wò mí. Ó tún wo abẹ́ igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké wínníwínní.

"Wá níbí," mo wí. "Wá! Kò bọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni."

Mo di ọrùn rẹ̀ mú, mo wọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

Àpótí náà ti fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín: mo ṣe bí ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn. Mo tẹ̀ ba, mo ń mí gúlegúle, mo ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀. Ignacia ti gbé kámẹ́rà dúró dè mí.

"Ẹ wo obìnrin bí irin!" Ó ń pariwo. "Yasna, sọ nǹkan kan fún wọn!"

"Odò náà ń gbé wa," mo wí, "àwa náà gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wa."

Fídíò yẹn ló gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo èyí tá a ṣe.

"Àpò rẹ dà?" Ignacia bi mí nígbà tá à ń to ẹrù.

"Ó wà nísàlẹ̀."

Odò náà yí òkè náà po. A tu ọkọ̀ títí ọ̀sán fi ń rọlẹ̀ kí a tó dé Trapahue, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé a fi ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn òkè náà sọ̀ kalẹ̀ ni, à bá ti débẹ̀ kí tíì tó hó. Mi ò ronú nípa ìyẹn. Mo ṣì ń ronú nípa fídíò.

Ìyá Herminda ló gbà wá sílé. Obìnrin kúkúrú kan ni, kì í dákẹ́, kì í jókòó. Ó fún wa ní àkàrà ìyẹ̀fun gbígbóná tí wọ́n ń pè ní sopaipilla, ó fún wa ní tíì ewé máté, ó fún Tizón ní egungun kí ó tó fún Baltazar ní àga.

"Ẹ̀yin lẹ wá gbà wá?"

"A wá dúró tì yín ni, Ìyá," Baltazar dáhùn.

"Ó dáa. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná, ẹ̀ ń dí ọ̀nà adìẹ."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wà níbẹ̀, Ayelén, ọmọdébìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Òun àti Tizón di ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ju igi sínú odò, ajá ń gbé e wá, ó ń fún un ní èèpo búrẹ́dì.

Lẹ́yìn náà ni Eliseo dé, bàbá Ayelén, ọmọ Ìyá Herminda. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé ilé iṣẹ́ náà. Ó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ gbé irin. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ ti pariwo láti ìdí iná:

"Bọ́ ọ síta!"

"Mo ti ń bọ́ ọ, Ìyá mi."

Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sórí ọgbà. Mo wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé, àmọ́ ọmọ lè wọlé. Ó wọlé, ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ ọwọ́.

Baltazar ò lè pa ẹnu mọ́. "Ìwọ lò ń bá wọn wọn ilẹ̀ tí wọ́n máa fi omi bò?"

"Mò ń bá wọn gbé irin," Eliseo wí. "Ọmọ mi ń jẹun. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń bọ́ ẹ?"

Ìyá Herminda rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò. Baltazar ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, omi ti bàjẹ́.

Ọ̀pá rọ́bà dúdú kan ló ń gbé omi wá láti orí òkè sí gbogbo ilé. Òórùn tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láàárọ̀ náà, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá kan tó ń gbé nítòsí ti ń fi ọwọ́ di ikùn mú. Ayelén bì títí kò fi sí ohun tó lè bì mọ́, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Níbo ni omi yín ti ń wá?" Baltazar béèrè.

"Láti òkè," Ìyá Herminda wí. "Orísun kan tí ọkọ mi to òkúta yí ká kó tó kú. Abẹ́ igi coihue tó ṣubú."



Mo fa Baltazar lọ sẹ́yìn ilé. Mo sọ fún un. Mo rò pé á kígbe mọ́ mi. Kò kígbe. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Tizón."

"Tizón ò lè sọ̀rọ̀."

"Baltazar, ọmọ yẹn ń ṣàìsàn."

"Inú rírun ni, ó máa lọ. Wọn ò tiẹ̀ mu omi náà mọ́." Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Gbọ́. Tó o bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á lé wa, wọ́n á sì gbà fún ilé iṣẹ́. Abúlé yìí á rì. Ṣé torí àpò kan? Àgọ́ ilé iṣẹ́ wà lórí òkè kan náà. Àwọn náà ń ṣu. Níbo lo rò pé tiwọn ń lọ?"

"Kì í ṣe tiwọn ló wà nínú omi."

"Lónìí kọ́. Lẹ́yìn ìpàdé, lọ gbé e kúrò. Ó parí."

Kì í ṣe pé ó tàn mí. Mo ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún mi.

Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Gbogbo abúlé ló wá, inú sì ń bí wọn. Ìyá Herminda gbé Ayelén sẹ́yìn wá, ó fi ìborùn dì í. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́, Ignacia gbé kámẹ́rà sójú.

Mo sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mi, mo sọ̀rọ̀! Mo ní odò ni ìyá wa. Mo ní àwọn tó ń dí ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sí i lẹ́nu. Mo ní, "Ta ló wà lórí òkè? Ta ló pàgọ́ síbẹ̀? Ẹ wo ọmọ yìí!" Mo na ọwọ́ sí Ayelén. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Eliseo dìde láti ẹ̀yìn. "Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì òkè ni àgọ́ wa wà báyìí. Omi tiwa, ibòmíràn ló ń ṣàn lọ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbèjà ọ̀gá rẹ̀!" mo wí sínú ẹ̀rọ.

"Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká jọ gòkè lọ wò ó nísinsìnyí. Kò jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ kó tẹ̀ lé mi."

Àwọn kan ti ń dìde. Bí wọ́n bá lọ, ó tán fún mi nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì wá wúlò fún mi lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló dé tó fẹ́ kí ẹ lọ báyìí?" mo kígbe. "Ó mọ̀ pé wọ́n ti kó o kúrò! Wọ́n rán an wá kó wá tàn yín gòkè, kẹ́ ẹ má bàa dìbò!"

Wọ́n padà jókòó. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ nìkan ló ní lọ́wọ́, mo sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rí pé òpùrọ́ ni.

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó rìn lọ sí ilé rẹ̀ tó wà lódìkejì, gbogbo wa ń wò ó. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì òféèfèé náà lórí ọgbà, ó padà wá, ó jù ú sí ọmọ rẹ̀ láyà.

"Wọ̀ ọ́. Wọ̀ ọ́, kó o máa lọ bá wọn."

"Ìyá mi, ẹ fetí sí mi…"

"Ọmọ rẹ ń bì lẹ́yìn mi, ò ń sọ fún mi ibi tí ìgbẹ́ wọn ń ṣàn lọ. Má dé ilé mi mọ́. Ọmọ yìí, èmi ni màá máa tọ́ ọ. Máa lọ."

Jákẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sílẹ̀. Eliseo wo Ayelén, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ sì yí ẹ̀yìn kúrò fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mo pa ẹ̀rọ náà.

Eliseo ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró lójijì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tizón ń bọ̀ láti orí òkè. A ò tíì rí i láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù, ẹrẹ̀ bò ó dé ọrùn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń wọ́ nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan bọ̀. Ohun náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jò. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dé. Àwọn èèyàn ń fi aṣọ bo imú, wọ́n ń là fún un.

Ó gba ọ̀dọ̀ Renato kọjá. Ó gba ọ̀dọ̀ Baltazar kọjá. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ó jókòó, ó gbójú sókè wò mí, ó ń ju ìrù. Ó ń dúró de èèpo búrẹ́dì.

Renato, òmùgọ̀ yẹn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

"Yasna… ṣé Mínísítà nìyẹn? Àbí kì í ṣe ìwọ ló kàn?"

Bàbá tó ń di ikùn mú tẹ̀ ba, ó kà á sókè, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Ẹ… Jẹ́… Kí… Pillanco… Ṣàn." Ó fi igi yí àpò náà padà. "Yasna."

Ignacia pa kámẹ́rà.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," Baltazar wí. Kò sẹ́ni tó bi í. "Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ lèyí. Ẹgbẹ́ wa ò…"

"Pa ẹnu dé," Ìyá Herminda wí. Ó wá síwájú mi. Kò ga dé èjìká mi. "Ìwọ lo fi síbẹ̀?"

"Ìyá, mi ò mọ̀ pé…"

"Ìwọ lo fi síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìgbà tó ò ń sọ̀rọ̀ nínú nǹkan tó ń pariwo yìí, o ti mọ̀?"

Mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

"O ní omi ni ìyá rẹ," ó wí. "Ṣé bó o ṣe ń ṣe ìyá rẹ nílé nìyẹn?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní kí n má dọ̀tí ilẹ̀ ju bí mo ṣe dọ̀tí rẹ̀ lọ.

Ó yí padà. Eliseo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. "Eliseo," ó pè é. Ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Eliseo gbé ṣọ́bìrì kan tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì kọjú sí òkè, ó lọ fọ orísun bàbá rẹ̀.

Ìyá Herminda bẹ̀rẹ̀, ó mú jákẹ́ẹ̀tì òféèfèé náà nílẹ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò gbé e kọ́ sórí ọgbà. Ó gbé e mọ́ra, ó sì gbé e wọ inú ilé.

Wọ́n dìbò lẹ́yìn ìyẹn. Ọwọ́ ni wọ́n nà sókè. Wọ́n ní ọ̀nà ilé iṣẹ́ kò ní gba ilẹ̀ wọn kọjá. Wọ́n tún nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì: àwa náà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Gbogbo ohun tí Baltazar sọ pé á bàjẹ́ tí mo bá sọ òótọ́, kò sí èyí tó bàjẹ́. Wọn ò nílò irọ́ mi rárá.

Baltazar ní nítorí ìjà náà, yóò dára kí n má wọ ọkọ̀ mọ́. Nítorí ìjà náà! Ó tún ní ajá yẹn ò ní wọ ọkọ̀ òun láéláé. Renato wo Tizón, ó wo ọkọ̀, ó wo Tizón. Baltazar ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Renato wọ ọkọ̀.

Kí n tó lọ, Ìyá Herminda jáde sí mi. Wọ́n ti fi àpò ìyẹ̀fun òfìfo kan di ẹrù mi, àpò aláwọ̀ ọsàn tó ń rùn yẹn, wọ́n so ẹnu rẹ̀. Ó nàka sí i.

"Gbé e. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìwọ ló kàn." Ó na búrẹ́dì kan sí mi. Ọpẹ́ ti dé ẹnu mi nígbà tó wí pé: "Ti ajá ni. Kì í ṣe tìẹ."

Mo gbé e dé ẹ̀bá afárá, níbi tí bọ́ọ̀sì máa ń gbà, Tizón ń tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́nikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, torí rẹ̀ ni mo ṣe kọ gbogbo ìtàn yìí. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ojú tí Eliseo fi wo ọmọ rẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì ju àpò náà sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà.

Mo gbọn ọwọ́ mi méjèèjì. Mo jókòó.

Tizón dìde. Ó wọ inú kòtò lọ. Ó gbé e wá, ó gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ó jókòó, ó gbójú sókè.

Mo gé èèpo búrẹ́dì náà fún un.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wo ajá, ó wo àpò, ó di imú.

"Ajá lè wọlé," ó wí. "Ìyẹn ńkọ́? Ta ló ni ìyẹn?"

Àwọn èrò ti ń na ọrùn láti ojú fèrèsé. Mo gbé e lé èjìká.

"Èmi ni mo ni ín," mo wí.